Legato lórí Gìtá: Ìyára Ìka Ló Ń Mú Ohùn Dún, Kì í Ṣe Agbára

Nínú gbogbo ìbéèrè tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá máa ń bi mí, ọ̀kan wà tí kì í wọ́n: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìka mi ò lágbára tó ni?" Wọ́n á ti wo fídíò kan lórí YouTube, wọ́n á rí i tí olórin kan fi pick kan okùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ohùn mẹ́ta mẹ́rin sì tẹ̀ lé ara wọn jáde bí omi. Àwọn náà á gbìyànjú ẹ̀. Ohùn àkọ́kọ́ á dún ketekete. Èkejì á ṣe "pú" bí ìgbà téèyàn fọwọ́ gbá tìmùtìmù. Ẹ̀kẹta ò tiẹ̀ ní dún rárá. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ okùn mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi ìka dá ọrùn gìtá lu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, orí ìka ti wú, ọrùn ọwọ́ ń ro wọ́n, àwọn míì á sì gbé gìtá kọ́ ògiri, wọ́n á ní kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn.

Èsì mi kì í yí padà. Ìka yín lágbára tó. Ọwọ́ tó lè ṣí ìdérí ìgò omi, tó lè fún aṣọ tó tutù gbẹ, lágbára ju ohun tí okùn gìtá ń béèrè lọ. Nǹkan míì ló ń pa ohùn yẹn, ẹ̀kọ́ físíìsì tí ẹ kọ́ níléèwé sì lè ṣàlàyé ẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí okùn, ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọwọ́, ká sì wá fi ìmọ̀ yẹn ṣètò ìdánrawò oṣù kan tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Kí ni legato gan-an?

Èdè Ítálì ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí ni "èyí tí a so pọ̀". Nínú orin, ó jẹ́ kí ohùn kan wọnú ohùn kejì láìsí àlàfo láàárín wọn. Akọrin lè mí lẹ́ẹ̀kan kó sì kọ ohùn márùn-ún lórí èémí kan ṣoṣo. Ẹni tó ń fun saxophone náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí gìtá ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, torí pé pick ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ohùn kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìgbà tí pick bá sì kan okùn la máa ń gbọ́ "tíkì" kékeré kan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe legato máa ní láti jẹ́ kí ọwọ́ tó wà lọ́rùn gìtá bá pick ṣe lára iṣẹ́ náà. Ọwọ́ òsì ni mo máa pe ọwọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ òsì lẹ fi ń ta gìtá, ẹ kàn yí i padà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọwọ́ òsì ń gbà ṣe é. Nínú hammer-on, ìka já lu okùn látòkè, ohùn sì gòkè. Nínú pull-off, ìka fa okùn bó ṣe ń kúrò lórí ẹ̀, ohùn sì sọ̀kalẹ̀. Nínú slide, ìka ń yọ̀ lórí okùn láti ibì kan dé ibòmíì.

Kẹ́yin tó ń sọ Yorùbá má rò pé nǹkan àjèjì lèyí. Etí yín ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ẹ pe "àlá" kẹ́ ẹ sì fetí sí ara yín. Ohùn "lá" yẹn kì í fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìsàlẹ̀, níbi tí "à" fi í sí, ló ti bẹ̀rẹ̀, ló wá yọ́ gòkè. Ẹ pe "rárà": "rà" náà ń yọ̀ bọ̀ látòkè ni. Ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè wa kì í pàdé kí wọ́n má fa ara wọn. Dùndún náà ń ṣe é: bí onílù bá fún ọṣán mọ́ra, awọ á le, ohùn á gòkè, bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á rọra wálẹ̀, kò ní já. Nítorí náà, ohun tí ẹnu yín ń ṣe lójoojúmọ́ lẹ fẹ́ kọ́ ìka yín.

Okùn kan, agbára kan

Tí ẹ bá fi pick ta okùn, ohun tẹ́ ẹ ṣe ni pé ẹ fà á kúrò ní àyè ẹ̀ díẹ̀, ẹ wá jù ú sílẹ̀. Agbára tẹ́ ẹ fi fà á ló ń mú kó máa gbọ̀n lọ, gbọ̀n bọ̀. Okùn kẹta gìtá, tí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́ níbì kankan, máa ń gbọ̀n nígbà 196 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni etí wa ń gbọ́ bí ohùn G. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní fret karùn-ún, ẹ ti gé e kúrú, á sì máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 262, ìyẹn C. Ní fret keje, á tó ìgbà 294, ìyẹn D.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n gbè é. Lórí gìtá irú Stratocaster ti Fender, apá okùn tó ń gbọ̀n gùn tó mìlímítà 648. Tẹ́ ẹ bá tẹ fret karùn-ún, apá tó ń gbọ̀n á ku bí mìlímítà 486. Ní fret keje, á ku bí 432. Fret kejìlá wà ní ìdajì gan-an, ní 324, ìdí nìyẹn tí okùn fi ń gbọ̀n ní ìlọ́po méjì níbẹ̀, tí ohùn rẹ̀ fi jẹ́ ohùn kan náà pẹ̀lú okùn tí a ò tẹ̀, àmọ́ tó ga jù ú lọ.

Àmọ́ agbára tí pick fún okùn kì í dúró. Àtìgbà tí pick ti kúrò lára ẹ̀ ló ti ń jò. Díẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ lọ, díẹ̀ ń wọ inú igi gìtá, díẹ̀ ń di ooru nínú okùn fúnra rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe pẹ́ tó kẹ́ ẹ tó ṣe ohùn kejì, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó kù nílẹ̀ á ṣe kéré tó. Ohun tí legato ń béèrè kò ju méjì lọ: ẹ má fi agbára tó kù nílẹ̀ ṣòfò, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ òsì fi tiẹ̀ kún un.

Hammer-on: ìdí tí ohùn fi ń ṣe "pú"

Ẹ fi ìka kìíní, èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò, tẹ okùn kẹta ní fret karùn-ún. Ẹ ta á. Bó ṣe ń dún lọ́wọ́, ẹ fi ìka kẹta lu okùn náà ní fret keje. Ìka kìíní ò gbọdọ̀ kúrò ní àyè ẹ̀.

Tí ìka kẹta bá rọra sọ̀kalẹ̀, ẹran orí ìka á kan okùn kí okùn tó kan irin fret. Àkókò kékeré yẹn gan-an ni ohùn ń kú. Ẹ ti rí agogo tó ń dún rí, téèyàn wá fọwọ́ kan án: kíá ló máa dákẹ́. Ẹran ara wa rọ̀, ó ń mu ìgbọ̀n bí kànrìnkàn ṣe ń mu omi. Okùn tó ń gbọ̀n nígbà 262 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń parí ìgbọ̀n kan láàárín nǹkan bí ìdá 4 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá. Tí ìka yín bá wá fi ìdá 40 péré nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá lọ́ra lórí okùn, okùn yẹn ti gbọ̀n bí ìgbà mẹ́wàá mọ́ ẹran rírọ̀ kó tó dé irin. Kí ló fẹ́ kù níbẹ̀ tó máa dún?

Tí ìka bá yára, okùn á kan irin fret wàì. Irin le, kì í mu ìgbọ̀n bí ẹran. Èyí tó pọ̀ nínú ìgbọ̀n tó wà nílẹ̀ á máa bá a lọ lórí okùn tó ti kúrú, ìlù tí ìka lù ú á sì fi agbára tuntun kún un.

Ibí yìí ni físíìsì ti dáhùn ìbéèrè "ṣé ìka mi ò lágbára ni?" Agbára tí nǹkan tó ń lọ gbé dání so mọ́ ìwúwo ẹ̀ àti ìyára ẹ̀, àmọ́ wọn ò dọ́gba. Tí ìwúwo bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po méjì. Tó bá jẹ́ ìyára ló di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìka kékeré tó yára á borí ìka ńlá tó ń wọ́. Ohun kejì tún ni pé, tí okùn bá ti kan irin, títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i ò fi nǹkan kan kún ohùn mọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó máa ń fa okùn le, ohùn á ga ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, orin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí èyí tí a ò tún okùn rẹ̀ ṣe.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Àkọ́kọ́, kí ìka balẹ̀ sẹ́yìn irin fret gan-an, nítòsí ẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kó má balẹ̀ sí àárín àlàfo, torí agbára díẹ̀ ló ń gbé okùn dé irin níbẹ̀. Ẹ̀kejì, orí ìka ni kẹ́ ẹ fi lù ú, ẹ má fi ìka tó tẹ́ pẹrẹsẹ lù ú. Ẹran tó kan okùn á kéré. Ẹ̀kẹta, ẹ má gbé ìka jìnnà kẹ́ ẹ tó jù ú. Sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì ti tó. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní lè rí i pé ibi tó yẹ ló balẹ̀ sí.

Pull-off: ìka tó ń di pick

Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì ṣe jù, orúkọ ẹ̀ sì ti sọ bó ṣe rí: fífà ni, kì í ṣe gbígbé. Tẹ́ ẹ bá kàn gbé ìka kẹta sókè kúrò ní fret keje, okùn á kúrò lára irin, ẹran ìka á mu nínú ìgbọ̀n ẹ̀ bó ṣe ń lọ, ohùn tó kù á sì rẹlẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kí orí ìka fa okùn náà sí ẹ̀gbẹ́, síhà ilẹ̀, díẹ̀ báyìí, kó tó jù ú sílẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ rí i pé ohun tí pick ń ṣe náà nìyẹn? Ọwọ́ òsì ti ta okùn fúnra ẹ̀. Agbára tuntun ló wọlé, kì í ṣe àṣẹ́kù ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pull-off tó dáa fi lè dún tó ohùn tí pick ta.

Àmọ́ àṣírí kan wà níbẹ̀. Ìka kìíní gbọ́dọ̀ ti wà ní fret karùn-ún kí ìka kẹta tó fà. Òun ló máa di okùn mú kó má bàa sá tẹ̀ lé ìka tó ń fà á, òun náà ló máa pinnu ohùn tó fẹ́ jáde. Bí ìka kìíní bá dé lẹ́yìn, okùn tí ẹ ò tẹ̀ lẹ máa gbọ́, á dà bí ẹni pé ẹ ṣi ọ̀rọ̀ pè. Tẹ́ ẹ bá sì fà á jù, ìka yín á lọ gbá okùn kejì. Ẹ jẹ́ kí abẹ́ ìka kìíní fara kan okùn kejì fẹ́ẹ́rẹ́, kò ní lè dún.

Slide: ẹ má sáré dẹ̀ ẹ́

Ẹ ta okùn kẹta ní fret karùn-ún, kẹ́ ẹ wá fi ìka kan náà yọ̀ lọ sí fret keje láìgbé e. Tẹ́ ẹ bá dẹ ìka jù lójú ọ̀nà, okùn á fi irin fret sílẹ̀, ohùn á kú. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ìka á lẹ̀ mọ́ okùn, kò ní yọ̀, awọ ìka á sì bó. Ìwọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́ ni èyí tó kéré jù tí ohùn fi lè máa dún nìṣó. Ẹ wá a báyìí: ẹ máa ta okùn, kẹ́ ẹ máa dẹ ìka díẹ̀díẹ̀ títí ohùn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe "zzz". Ẹ wá fi díẹ̀ báyìí kún un. Ìwọ̀n yẹn gan-an ni, ó sì máa ń ya àwọn tí mo ń kọ́ lẹ́nu pé ó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà nínú slide tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Lórí gìtá, kì í ṣe yíyọ̀ gidi bíi ti dùndún. Irin fret ti gé ọ̀nà sí àtẹ̀gùn, ohùn sì ń gun àtẹ̀gùn yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kàn yá débi pé etí wa so wọ́n pọ̀ ni. Pedal steel ló ń yọ̀ bí ẹnu èèyàn ṣe ń yọ̀, torí pé irin tí wọ́n fi ọwọ́ mú ló ń rìn lórí okùn, kò sì kan fret kankan. Ẹ gbọ́ iṣẹ́ Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, kẹ́ ẹ gbọ́ bí ohùn pedal steel ṣe bá ìlù àti ohùn akọrin mu láìdà bí àlejò. Sí etí tèmi, yíyọ̀ yẹn ló mú un bá èdè wa rẹ́.

Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ náà

Ẹ gbé ọwọ́ lé tábìlì, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sílẹ̀. Ẹ ká ìka àárín wọ abẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kí àwọn ìka yòókù tẹ́. Ẹ wá gbé ìka kìíní sókè: ó rọrùn. Ẹ gbé ìka tó kéré jù: ó gbà. Ẹ wá gbé ìka tí wọ́n ń wọ òrùka sí.

Kò gbà, àbí? Kì í ṣe àìlera. Àwọn iṣan tó rí bí okùn, tó ń gbé ìka sókè, so mọ́ra wọn lẹ́yìn ọwọ́, pàápàá ti ìka àárín, ìka òrùka àti ìka tó kéré jù. Tí ìka àárín bá ti ká, ó ti fa okùn ti ìka òrùka náà mọ́lẹ̀. Bí a ṣe dá ọwọ́ nìyẹn. Ìka òrùka yìí kan náà ni mo ní kẹ́ ẹ fi ṣe hammer-on ní fret keje. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe yín bí ẹni pé ìka yẹn ń gbọ́ràn sí ẹlòmíì lẹ́nu. Ìdánrawò máa ń mú kí ọpọlọ lò ó dáadáa sí i, àmọ́ ẹ má fi ọwọ́ kejì fà á sókè tipátipá láti fi "tú u sílẹ̀". Iṣan lẹ máa ya.

Ohun kejì tún wà. Kò sí iṣan tó ń ká ìka nínú ìka fúnra ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é wà nínú àtẹ́lẹwọ́ àti nínú apá, láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Ẹ fi ọwọ́ kan di apá kejì mú kẹ́ ẹ máa mi ìka, ẹ máa rí i pé apá ń rìn lábẹ́ ọwọ́ yín. Okùn tó so wọ́n mọ́ ìka ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan kọjá ní ọrùn ọwọ́, iṣan ara kan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ìka náà sì ń gba ibẹ̀. Tí ọrùn ọwọ́ bá ká jù, ojú ọ̀nà yẹn á há sí i. Nítorí náà, ẹ gbé ọrùn gìtá sókè díẹ̀, kí ọrùn ọwọ́ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́. Àtàǹpàkò á kàn wà lẹ́yìn ọrùn gìtá fún ìtìlẹ́yìn ni. Ẹ dán an wò: tí ẹ bá lè gbé àtàǹpàkò kúrò pátápátá kí ohùn má sì kú, ẹ ò fún un jù.

Gìtá yín náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀

Kó tó di pé ẹ dá ara yín lẹ́bi, ẹ wo irú okùn tó wà lórí gìtá yín. Okùn kìíní gìtá oníná sábà máa ń nípọn tó 0.009 ínǹṣì. Ti gìtá onípákó, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní box guitar, sábà máa ń jẹ́ 0.012. Ó jọ pé ìyàtọ̀ kékeré ni, àmọ́ ìwúwo okùn ń tẹ̀ lé ìlọ́po méjì ìnípọn ẹ̀: 12 lé ní 9, lọ́nà méjì, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.8. Tí gígùn wọn àti ohùn wọn bá dọ́gba, okùn 0.009 á máa fà pẹ̀lú ìwọ̀n bíi kílò 6, ti 0.012 á sì fà pẹ̀lú bíi kílò 10.6. Ẹni tó ń kọ́ legato lórí box guitar ń jà pẹ̀lú okùn tó le fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹni tó wà nínú fídíò.

Kò tán síbẹ̀. Gìtá oníná ní ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ó sì lè fi distortion sí i. Distortion máa ń gbé ohùn kékeré sókè, á tẹ ohùn ńlá mọ́lẹ̀, kí méjèèjì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní gìtá oníná, ẹ pa distortion nígbà ìdánrawò, kẹ́ ẹ lè gbọ́ òótọ́. Tó bá jẹ́ box guitar lẹ ní, ẹ lè ra okùn tó fẹ́lẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí ẹni tó mọ̀ nípa títún gìtá ṣe wo bí okùn ṣe jìnnà sí ọrùn gìtá tó. Okùn tó ga jù ń fi ìyà jẹ ìka lásán.

Ìdánrawò oṣù kan

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ ti tó, ó sì dáa ju wákàtí kan ààbọ̀ tẹ́ ẹ máa ṣe lọ́jọ́ Sátidé nìkan. Ọpọlọ ń to ohun tí ọwọ́ kọ́ pọ̀ nígbà ìsinmi àti oorun. Ẹ fún un láyè. Ẹ wa metronome sórí fóònù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti fret karùn-ún, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìkìíní. Lórí gìtá tí okùn ẹ̀ gùn tó mìlímítà 648, láti fret kìíní dé ẹ̀kẹta jìn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 6.7, láti ìkarùn-ún dé ìkeje jẹ́ bíi 5.3. Ọwọ́ ò ní nà jù.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, hammer-on nìkan. Metronome wà ní 60. Ohùn méjì fún lílù kan: ẹ ta ti fret karùn-ún, ẹ fi ìka lu ti ìkeje. Ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ sinmi fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ bọ́ sórí okùn míì.

Ọ̀sẹ̀ kejì, pull-off. Ìka méjèèjì ti wà nílẹ̀, ẹ ta ti ìkeje, ẹ fà á sílẹ̀ sí ìkarùn-ún. Ìwọ̀n kan náà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ so méjèèjì pọ̀: 5, 7, 5, pẹ̀lú pick kan ṣoṣo. Tó bá ti dún dáadáa nígbà mẹ́wàá láìkọsẹ̀, ẹ fi 4 kún ohun tó wà lórí metronome. Bí ó bá kọ̀, ẹ padà sẹ́yìn. Ohun kan máa yà yín lẹ́nu: ní àwọn ibì kan, ó lè dún dáadáa tẹ́ ẹ bá yára ju tẹ́ ẹ bá rọra lọ. Ẹ rántí agbára tó ń jò. Tí àkókò bá gùn láàárín ohùn méjì, èyí tó kù lórí okùn á kéré, ìka á sì ní láti ṣe púpọ̀ sí i. Rírọra ṣe é ni ìdánwò gidi.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ fi slide kún un. Lórí okùn kẹta, ẹ ta fret karùn-ún, ẹ ṣe hammer-on sí ìkeje, kẹ́ ẹ fi ìka kẹta yẹn kan náà yọ̀ lọ sí ìkẹsàn-án. Do, re, mi nìyẹn, lórí pick kan. Ẹ yọ̀ padà sí ìkeje, ìka kìíní ti gbọ́dọ̀ padà sí ìkarùn-ún, ẹ fà á sílẹ̀: mi, re, do. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá mi yín péye, ẹ ta okùn kìíní láìtẹ̀ ẹ́. Ohùn kan náà, E, ló yẹ kí méjèèjì jẹ́.

Ẹ máa fi fóònù gba ohùn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ app ìgbohùnsílẹ̀ ń fi ohùn hàn bí òkè kéékèèké lójú fóònù. Òkè kìíní ni ti pick, èkejì ni ti ìka. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìkejì lè máà ju ebè kékeré kan lọ. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ẹ máa rí i tó ń dìde bá ìkíní.

Ọ̀rọ̀ ìrora. Kí orí ìka máa ta yín díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe tuntun. Awọ ibẹ̀ á le. Àmọ́ tí ọrùn ọwọ́ tàbí apá bá ń ro yín, tí ìka bá kú tipiri, tàbí tó ń ṣe yín bíi pé kòkòrò ń rìn níbẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ yẹn. Tí kò bá lọ lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà. Kò sí orin tó tó fi ọwọ́ rà.

Ibi tó lè gbé yín dé

Allan Holdsworth, ọmọ Bradford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bí ní 1946 tó sì kú ní 2017, ló gbé legato dé ibi tí àwọn onígìtá ṣì ń yà lẹ́nu títí dòní. Ohun èlò tí wọ́n ń fun, bíi saxophone, ló wù ú kó fi kọrin. Gìtá ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó wá kọ́ gìtá náà láti máa dún bí èémí. Nígbà tí Eddie Van Halen gbé "Eruption" jáde ní 1978, ó fi ìka ọwọ́ ọ̀tún náà lu okùn lórí ọrùn gìtá. Hammer-on àti pull-off náà ni. Ọwọ́ méjì ló kàn pín in ṣe.

Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ ju pick nù o. Nínú jùjú wa àti highlife, gìtá méjì mẹ́ta ń fèsì fún ara wọn pẹ̀lú ohùn kúkúrú tó mọ́ tónítóní, pick ló sì ń fún wọn ní ojú. Tẹ́ ẹ bá fi legato kún gbogbo ẹ̀, ìlù á rì. Ibi tí legato ti ń wúlò ni ibi tí gìtá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ bí akọrin: ìparí gbólóhùn, ìdáhùn sí ègbè, orin ìjọ́sìn tó lọ́ra. Ẹ kọ orin náà lẹ́nu kẹ́ ẹ tó ta á. Ibi tí ẹnu yín bá ti yọ̀ láìmí, ẹ yọ̀ níbẹ̀. Ibi tí ẹnu bá ti gé e, ẹ lo pick.

Ẹ gba 5, 7, 5 yín àkọ́kọ́ sílẹ̀ lónìí, bó ti wù kó burú tó. Ẹ kọ déètì sí i, kẹ́ ẹ má pa á rẹ́. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ gba òmíràn sílẹ̀ pẹ̀lú gìtá kan náà àti fóònù kan náà, kẹ́ ẹ wá gbé òkè kejì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.